Ọmọ tó ń fi agolo kan mọ́tò: ẹ jẹ́ kó kàn án, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọ̀dà

Ìbéèrè tí màmá àgbà kan fi ránṣẹ́ láti Ọ̀mù-Àrán ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún 11, wá lo họlidé lọ́dọ̀ wọn, àtìgbà tó sì ti dé ló ti ń fi agolo mílíìkì kan mọ́tò Peugeot 504. Ó ti ń kàn án tán lọ, ọ̀dà ló kù. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun géètì sì ṣẹ́kù nílẹ̀. Ṣé kí wọ́n fún un?

Èsì mi kò gùn: ẹ jẹ́ kó kàn án, ẹ má fún un ní ọ̀dà géètì.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ mọ́tò náà, torí àwọn òbí kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí agolo lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n á ní kó lọ kàwé. Ìwé náà ló ń kà yẹn. Ẹ̀yin àgbà mọ 504 dáadáa. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́dún yẹn kan náà, 504 ni Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kẹ́ńyà. Jean-Pierre Nicolas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tún fi 504 onílẹ̀kùn méjì gbà á lọ́dún 1978. Ìdíje yẹn kì í ṣe ti orí títì tó dán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ni wọ́n ń sá nínú ẹrẹ̀ àti eruku, fún ọjọ́ mélòó kan. Mọ́tò tó bá le ló ń dé ilé. Ẹni tó bá ti gun 504 lọ́nà oko rí kò ní bá mi jiyàn.

Ìṣirò wá wà níbẹ̀. Gígùn 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin tó sẹ̀ǹtímítà 449, ìbú rẹ̀ 169, gíga rẹ̀ 146. Bí ọmọ bá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 20, yóò rí nǹkan bíi 22.5, 8.5 àti 7.3. Rúlà inú báàgì ìwé rẹ̀ tó o wọ̀n. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti táyà. Táyà 504 láti òkè dé ìsàlẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 64. Ẹ pín in sí ọ̀nà 20, ó di 3.2. Ẹ wá fi rúlà wọn ìdérí ìgò mínírà, ìdérí onírin yẹn: 3.2 náà ni! Ọmọ tó bá ti ní ìdérí mẹ́rin, ó ti ní táyà tó bá mọ́tò rẹ̀ mu gẹ́lẹ́.

Kò sì ṣàjèjì nílẹ̀ Ìgbómìnà pé kéèyàn sọ ohun ńlá di kékeré. Àwọn ère òkúta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ju 800 lọ. Èèyàn ni wọ́n gbẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ga tó èèyàn. Bí bàbá kan bá wà ládùúgbò tó wa 504 rí tàbí tó tún un ṣe rí, ẹ rán ọmọ náà lọ bá wọn kó lọ béèrè bí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe rí. Ta ló tún ń bi wọ́n nírú ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló ká mi lára. Òjé lè wà nínú ọ̀dà olóròóró tí wọ́n fi ń kun géètì àti irin, òjé tó wà nínú bátìrì mọ́tò yẹn náà. Wọ́n máa ń fi sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ, kó sì tètè gbẹ. Ẹ fura sí pupa àti yẹ́lò jù. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé gbígbé. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn onímọ̀ tó yẹ ọ̀dà inú ọjà wò ti rí òjé nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òjé kò ní òórùn. Ọmọ á fọwọ́ kan ọ̀dà, á fi ọwọ́ náà jẹ àkàrà, ó parí. Nínú òjé tí ọmọ kékeré bá gbé mì, èyí tí ara rẹ̀ ń fà lè tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbà. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé á máa gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ, inú á máa run ún, àwọn kan á sì ní ayé ló ń ṣe é. Bó bá pọ̀ jù, gìrì á mú un. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010: àwọn ọmọ tó lé ní 400 ló kú níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú. Mọ́tò agolo kan ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí bí òjé ṣe lè kéré tó tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní pani lára. Àwa àgbà náà ò yọ sílẹ̀: ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

(Kí n tó gbàgbé: ẹ yéé lé tìróò sójú ọmọ ọwọ́. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n ń lé tìróò láti Nàìjíríà fún. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀ ni òjé.)

Ẹ dé ọ̀dà géètì yẹn pinpin, ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọ ò lè tó, ẹ má sì dà á sẹ́bàá kànga. Tínà àti kẹrosíìnì, ẹ má rọ wọ́n sínú ìgò mínírà láéláé. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ibi tó bá ti ń bì ló ti lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn ló sì máa ń pa wọ́n. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, kẹ́ ẹ mú ìgò náà dání.

Kí ló máa wá fi kùn ún? Kó fi ọṣẹ fọ agolo náà, kó fi sítáàṣì tó ki lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ọn lára ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, kó sá a gbẹ. Ìwé yẹn á bo etí agolo tó mú. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri yàrá, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ló dáa jù, torí òjé kì í sábà pọ̀ nínú rẹ̀. Èédú lílọ̀ tí a pò mọ́ sítáàṣì á ṣe dúdú táyà, osùn á ṣe pupa. Kó kùn ún níta, kó fọ ọwọ́ kó tó jẹun.

Kí àgbà ló bá a gé agolo. Bó bá gé e lọ́wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì pa á. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú káàdì àjẹsára rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Inú erùpẹ̀ ni kòkòrò yẹn ń gbé, nítorí náà agolo tí kò dógùn-ún náà lè gbé e wọlé.