Ta Ló Gé Páànù Orúkọ Wa?

Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n gbà pé àmì ohùn àti àmì ìdí lẹ́tà kò ju ọ̀ṣọ́ lọ, pé ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa yóò kà á bó tilẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn lọ sí Abigi, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tó lọ kan omi ọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. (Bí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ìlú agbègbè náà sínú ìwé ìjọba, láìní àmì, ni n ó ṣe máa kọ ọ́ níhìn-ín.) Ọmọ Abigi tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tàbí tó fẹ́ ṣí àkáǹtì ní báǹkì lórí fóònù rẹ̀, yóò bá àkójọ ìjọba ìbílẹ̀ 774 pàdé, yóò sì tẹ èyí tí í ṣe tirẹ̀: Ogun Waterside. Ògùn tí í ṣe odò ti di ogun tí í pa ènìyàn. Bí ó bá wá kọ orúkọ ara rẹ̀ bí àwọn òbí rẹ̀ ti sọ ọ́, tí ó kọ Ayọ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, àpótí náà lè pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ sí i, kí ó ní orúkọ kò tọ̀nà, lẹ́tà nìkan ni kí ó kọ. Kí ni ọmọ ọlọ́mọ yóò ṣe? Yóò pa àmì rẹ́, ayọ̀ yóò sì di ayò ọlọ́pọ́n. Ta ni ó fún àpótí ní àṣẹ láti máa kọ́ ọmọ Yorùbá ní ohun tí í ṣe lẹ́tà?

Ẹni tí kò mọ bí iṣẹ́ yìí ti rí lè rò pé báǹkì kọ̀ọ̀kan ló jókòó kan àpótí tirẹ̀. Rárá o. Láti ìgbà tí Facebook ti gbé React jáde fún gbogbo ayé ní 2013, tí Evan You sì gbé Vue jáde ní 2014, ẹ̀yà-ẹ̀yà ni wọ́n ń to ojú ewé ayélujára: bọ́tìnnì kan, àpótí orúkọ kan, àkójọ kan, tí ẹnì kan ti ṣe sílẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń mú lò láìsanwó. Aládìrẹ Abẹ́òkúta ti mọ ọgbọ́n yìí kí a tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin a gé àwòrán sára páànù, wọn a sì máa fi páànù kan náà tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ lẹ́yìn aṣọ. Ọgbọ́n rere ni. Ṣùgbọ́n bí agépáànù bá gé ẹyẹ tí kò ní apá, ẹyẹ aláìlápá ni gbogbo ọjà Ìtòkú yóò máa tà. Agbára tí ẹ̀yà kékeré ní kò sì kéré rárá: ní oṣù kẹta ọdún 2016, ẹnì kan fi ìbínú yọ ọ̀kan tí ń jẹ́ left-pad kúrò ní npm, ilé ìṣúra tí wọ́n ti ń mú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí. Ìlà 11 péré ni, síbẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye iṣẹ́ ló dẹnu kọlẹ̀ títí wọ́n fi dá a padà.

Òfin tí a sábà máa ń bá nínú àpótí orúkọ ni èyí: láti A dé Z. Ẹni tó ṣe òfin náà ń ro Smith, kò ro Ṣẹ́gun. N kò bá a jà. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ilé tirẹ̀ ni òun sì wò. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn ọmọ tiwa ní Yábàá àti Ìkẹjà, tí àwọn fúnra wọn ń jẹ́ Ṣẹ́gun, tí wọ́n gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, tí wọ́n wá gbé àpótí Smith ka iwájú wa láìyẹ inú rẹ̀ wò.

Wọn a ní ẹ̀rọ ni kò gbà. Àwáwí yìí ti gbó. Nígbà tí a ń lo tapuráítà, òótọ́ ni: akọ̀wé a tẹ̀wé tán, a tún fi bírò to àmì sí i. Ṣùgbọ́n Unicode, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1991, ti wá fún ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè. Èyí tó díjú díẹ̀ ni ẹ́ àti ọ̀. Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn àmì ìdí gan-an ni ohùn, wọn kò nílò ohùn mìíràn lórí rẹ̀. Àwa nílò rẹ̀. Nítorí náà ọ la ó kọ, àmì ohùn yóò sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Lẹ́tà 6 ni ojú ènìyàn rí nínú Ọlọ́run. JavaScript ka 7, bí a bá sì tú gbogbo àmì ká, ó ka 9. Ẹ̀rọ tí a kò kìlọ̀ fún yóò búra pé ọ̀rọ̀ méjì ni, débi pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ lórí fóònù lè wá a tì lálẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Oògùn rẹ̀ wà nínú JavaScript fúnra rẹ̀. Normalize, àṣẹ tó ń sọ ìkọsílẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan, wọ inú rẹ̀ ní 2015. Ní 2018 ni wọ́n sì la ọ̀nà tí òfin àpótí yóò fi lè sọ pé "lẹ́tà èdè yòówù, àti àmì orí rẹ̀", dípò "A dé Z". Iṣẹ́ náà kò tó ìlà mẹ́wàá.

Àwáwí kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: pé Yorùbá fúnra wọn kì í fàmì sórúkọ. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, tó tún ń ní àlejò kò wá! Ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní 1875. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lé e lórí ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Túndé Adégbọlá àti Alt-I ní Ìbàdàn ti ṣe kíbọọ̀dù. Kọ́lá Túbọ̀sún ti dá YorubaName sílẹ̀, níbi tí orúkọ ti ń jókòó pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ọwọ́ àwọn onímọ̀ èdè ti mọ́.

Àwọn mìíràn ní kí á ní sùúrù, àwọn òyìnbó yóò tún un ṣe. Àwọn ará Iwopin, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, lè sọ fún wọn bí sùúrù ti rí: wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ bébà sọ́dọ̀ wọn, títí di òní wọn kò tíì jẹ àǹfààní tí a ṣèlérí.

Ẹ̀yà tiwa ni mo ń bèèrè, kí á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí á gbé e sí npm fún ẹni tó bá fẹ́: àpótí tó gba orúkọ bó ti wà, ìṣàwárí tó máa rí Ayọ̀ bí a bá tẹ Ayo, tí kò sì ní torí bẹ́ẹ̀ pa àmì rẹ̀ rẹ́, ètò ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó mọ̀ pé gb jẹ́ lẹ́tà lọ́tọ̀ lẹ́yìn g. Ní ti àkójọ 774 yẹn, kò ju fáìlì kan lọ. Ọmọ Abigi kan tó mọ bí àwọn àgbà ilé rẹ̀ ti ń pe ìlú wọn lè ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí ó fi àmì sórí Ògùn, kí ó fi orúkọ àwọn ìlú etí omi sí i pẹ̀lú ohùn wọn, kí ó sì dá a padà síbi tí gbogbo báǹkì ti ń mú un.