Gbèsè Ẹ̀rín Tí A Jẹ Bàbá Sàlá

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, aṣọ àti ìtọ́jú ọmọ ni a sábà máa ń sọ ní ojú ìwé yìí. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mo gbé wá, nítorí pé ilé tí kò sí ẹ̀rín, bí ọbẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ dùn, kì í dá lọ́fun.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ìrẹsà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan tí kò ní páálí, tí wọ́n fi bírò kọ "Bàbá Sàlá" sí lára. Bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ ọdún, gbogbo agboolé ni yóò pé sí yàrá wa. Àwòrán náà a máa gbọ̀n, ohùn rẹ̀ a máa lọ, a máa bọ̀. Síbẹ̀, bí ọkùnrin náà bá ti yọ pẹ̀lú awò ojú ńlá, bàtà tí ó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, àti aago ògiri tí ó so kọ́ ọrùn, ìyá mi àgbà a fi etí ìró nu omi ẹ̀rín lójú.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1936 ni a sì bí i. Orin ni ó kọ́kọ́ fi gba orúkọ. Ní ọdún 1964 ó ń darí ẹgbẹ́ olórin tí a ń pè ní Federal Rhythm Dandies, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí King Sunny Adé ti ta gìtá lábẹ́ rẹ̀. Láti ìdí orin ni ó ti bọ́ sí ìdí eré, tí ó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn sì gbé e wọ ilé onílé.

Àwàdà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn eégún aláré, tí ìran wọn ti Ọ̀yọ́ àtijọ́ wá, a máa fi ọ̀mùtí àti òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ lójú agbo. Àwàdà kò ṣàìsí nínú eré Hubert Ògúndé àti ti Dúró Ládiípọ̀, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni ó rí níbẹ̀. Bàbá Sàlá ni ó gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ gan-an, tí ènìyàn jẹ tí ó sì yó. Arúgbó ahun, olójúkòkòrò tí ó rò pé òun gbọ́n tán, ni ó máa ń ṣe. A ń fi í rẹ́rìn-ín, a sì ń rí ara wa níbẹ̀.

Ní ọdún 1982 ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ni ó sì darí rẹ̀. Owó ńlá ni ó yá sí i. Nínú eré náà, àwọn gbájú-ẹ̀ fi ìlérí ọrọ̀ gba ohun ìní ọkùnrin kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Àfi bí ẹni pé eré náà fò jáde wá bá ẹni tí ó ṣe é! Kí ó tó rí owó rẹ̀ kó jọ, àwọn olè ti da fíìmù náà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, ó tún ṣe Moṣebọ́látán lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò jinná bọ̀rọ̀. Ọdún 1988 ni ìjọba tó ṣe òfin tí ó le sí irú olè bẹ́ẹ̀. Bàbá Sàlá papò dà ní Iléṣà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ní ẹni ọdún 82.

Ìgbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí ni mo rántí kásẹ́ẹ̀tì wa tí kò ní páálí. Bàbá mi kì í ṣe olè. Owó òógùn rẹ̀ ni ó fi rà á. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan kò dé ọwọ́ ẹni tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo lọ sílé láìpẹ́ yìí, ìyàwó kékeré kan ń lọ gba fíìmù tuntun sínú fóònù rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Mo sọ ìtàn yìí fún un. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀pọ̀ ni eléyìí. Níbo ni kí n ti rí owó ojúlówó?"

Ìbéèrè rẹ̀ kò burú, nítorí owó oúnjẹ kò tó nǹkan. Èsì mi nìyí: ẹ wo èyí tí àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn gbé sórí YouTube, nítorí ìpolówó ọjà ń mú owó díẹ̀ wọlé fún wọn níbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ojúlówó, kí aya mẹ́ta tàbí mẹ́rin dáwó jọ rà á, kí gbogbo agboolé jókòó wò ó pọ̀. Kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ọmọ tí a kọ́ pé kí ó má mú ẹran nínú ìkòkò aládùúgbò, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ìkòkò ni iṣẹ́ aláwàdà pẹ̀lú, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà sì ń dúró dè é.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí ẹ̀rín má tán nílé yín o.