Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìgbèríko Gẹ́gẹ́ Bí Ojúkò Ìmọ̀ Ẹ̀rọ fún Àwùjọ: Alájue ní Ẹdẹ Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko ẹni tó tó ti bàbá òun. Òwe yìí kò sọ pé ọmọ náà gọ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé ibi tí ojú ọmọ dé ni òye rẹ̀ mọ. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń dé oko ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Lóde òní, ayélujára ti di ọ̀nà tí ó gùn jù lọ sí oko àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀nà yìí kò tíì yà dé. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni pé: ta ni yóò la ọ̀nà náà, ta ni yóò máa ro ó, ta ni yóò sì máa gbà á kọjá? Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá la ọ̀nà yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, igbó yóò tún bò ó. Bí ó bá máa pẹ́, gbogbo àdúgbò ni yóò ní in.

Ẹdẹ àti ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀

Alájue ní ìlú Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ ibi tí ó yẹ láti fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹdẹ kì í ṣe àjèjì sí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀. Ojú irin láti Èkó gba Ẹdẹ kọjá kí ó tó dé Òṣogbo ní 1907. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti 1946 sí 1975, jẹ́ ọba tí ó mọ ìlù lù, tí ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá kí àwọn tí kò gbọ́ èdè náà lè mọ bí ìlù ṣe ń fọhùn. Lónìí, Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Poli ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, wà ní Ẹdẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Redeemer's University àti Adeleke University. Ìlú tí ó ní irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ̀nyí kò lè sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì kò dé ọ̀dọ̀ òun. Ohun tí ó kù ni ìrìn kékeré láti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé kíláàsì ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò. Ìrìn kékeré yìí gan-an ni ó le jù.

Ohun tí ọmọ ń pàdánù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìgbàlódé lásán ni èyí, kí ó wo ìdánwò JAMB. Ní 2013 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fún ìdánwò àṣewọlé. Nígbà tí ó fi di 2015, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tún ń fi bírò ṣe é mọ́. Ní 2024, àjọ WAEC náà gbé ìdánwò àwọn tí ń ṣe é láti ìta sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ ìgbèríko tí ó mọ ìṣirò, tí ó mọ bí a ti ń ka àyọkà kí ó yé ni, lè jókòó síwájú ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìdánwò kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, nítorí ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irú rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ó yẹ kí ó fi ronú ni yóò fi wá ibi tí lẹ́tà wà. Bí èsì bá jáde, wọn yóò ní ọmọ náà kò mọ̀wé. Àìṣòdodo gbáà ni èyí, olùkọ́ rẹ̀ sì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀gàn rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀

Kì í ṣe pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan rí. Ní 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yìí kó ìwé tí ó lé ní 50 lórí ẹ̀kọ́ 17 sínú, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Orúkọ rẹ̀ pàápàá fi ọgbọ́n hàn, nítorí láti inú àṣà Yorùbá ni wọ́n ti mú un. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kó sínú ọpọ́n ni ọpọ́n yóò gbé fún ni. A kò ṣe é láti máa lọ sórí ayélujára, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì wà fún. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀dọ́ tí ó ti jáde ìwé mẹ́wàá tí kò rí iṣẹ́ kò ní ìpín nínú rẹ̀. Ohun tí àwùjọ kò ní ìpín nínú rẹ̀, àwùjọ kì í bá ni tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ojú yí sí Kafanchan, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìlú tí ojú irin sọ di ńlá bí ó ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ìlú ní ìhà ibí. Ní 1996 ni wọ́n dá Fantsuam Foundation sílẹ̀ níbẹ̀ láti ran àwọn ará ìgbèríko lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, àjọ náà dá nẹ́tíwọ̀kì tí kò lo wáyà sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní ZittNet. Abọ́ sátẹ́láìtì kan ni ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹ̀rọ rédíò orí òpó gíga ni ó sì ń pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́ àwùjọ yíká ìlú. Nítorí pé iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, wọ́n pa iná oòrùn, bátìrì ńlá àti jẹnẹrétọ̀ pọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé owó íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò tẹ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní orí ba lè fúyẹ́ bí ọ̀pọ̀ bá jọ gbé e.

Uganda náà gbìyànjú irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún. SchoolNet Uganda fi íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìgbèríko, wọ́n sì ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣílẹ̀kùn fún àwọn ará àdúgbò. Owó oṣooṣù sátẹ́láìtì ni ẹrù tí ó wúwo jù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ béèrè iye tí oṣù kẹtàlá yóò náni, nígbà tí olóore bá ti lọ tán.

Bí yóò ti rí ní Alájue

Ohun tí ó ṣeé ṣe ní Alájue kò ju yàrá kan lọ. Kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ya kíláàsì kan sọ́tọ̀, kí wọ́n fi irin sí fèrèsé rẹ̀, kí wọ́n sì kó kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í jẹ iná púpọ̀, nítorí náà iná oòrùn lè gbé e. Bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú bá gbà láti pín díẹ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ̀rọ rédíò méjì tí ó kọjú síra wọn láìsí igi tàbí òkè láàárín lè gbé e dé ibẹ̀. Bí wọn kò bá gbà, nẹ́tíwọ̀kì àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wà. Iṣẹ́ sátẹ́láìtì Starlink náà sì ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní gbogbo wákàtí. Ètò Kiwix wà tí ó lè gbé odindi Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà kan, kí àwọn yòókù máa kà á láìná kọ́bọ̀ lórí dátà.

Láàárọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ni yàrá náà. Bí aago méjì bá lù, kí ilẹ̀kùn ṣí fún àdúgbò. Oníṣòwò yóò wá tẹ ìwé àdéhùn, àgbẹ̀ yóò wá wo ìròyìn nípa àrùn tí ń bá ẹ̀gẹ́ jà, ọ̀dọ́ yóò wá kọ́ bí a ti ń tẹ̀wé, òbí yóò sì wá bá ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun sọ̀rọ̀. Owó kékeré tí wọn yóò san ni yóò ra dátà, tí yóò sì pààrọ̀ bátìrì tí ó bá kú. Kí ìgbìmọ̀ kan tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ìyálọ́jà àti aṣojú àwọn ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀ máa ka owó náà ní gbangba lóṣooṣù.

Àwọn tí kò gbà

Àwọn kan yóò ní fóònù ti wà lọ́wọ́ tolórí tẹlẹ́mù, kí ni a tún ń wá yàrá kọ̀ǹpútà fún? Òótọ́ ni pé fóònù ti pa ọ̀pọ̀ káfẹ́ tí ó kún ìgboro nígbà kan. Àmọ́ fóònù kò lè kọ́ ọmọ bí yóò ti jókòó ti ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni dátà tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń dá rà kò lè rọrùn tó èyí tí ọ̀pọ̀ jọ pín.

Àwọn mìíràn yóò ní ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ sọ di ibùba àwọn onijìbìtì tí à ń pè ní yahoo-yahoo. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ ni ìwà yẹn ti ń gbilẹ̀. Yàrá tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dojú kọ ẹnu ọ̀nà, tí olùkọ́ àti ìyá àdúgbò ń wọlé jáde nínú rẹ̀, kò lè gba irú ìwà bẹ́ẹ̀ láyè. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ yóò ti kọ́kọ́ rí i pé ènìyàn lè fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ tí ó lè jẹ́wọ́ níwájú bàbá rẹ̀. Ní ti olè, ohun tí ó jẹ́ ti ìjọba ni olè ń rọ́nà jí; ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo àdúgbò, gbogbo ojú ní í ṣọ́ ọ.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti olùkọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ti pọ̀, owó oṣù kò tó, wọ́n sì tún fẹ́ dì í lẹ́rù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí olùkọ́ máa dá ilé náà ṣọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Nínú owó tí ó bá wọlé ni kí wọ́n ti san nǹkan fún ọ̀dọ́ àdúgbò kan tí yóò máa bójú tó o. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ àlejò nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó já lé olùkọ́ èdè Yorùbá léjìká

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kan àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Ọ̀pọ̀ ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà bí ẹni ń kọ́ ìtàn ọba tí ó ti wàjà: wọ́n mọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sórí, wọn kò mọ̀ ọ́n lò. Kí a wo ẹ̀ka Yorùbá nìkan. Olùkọ́ tí kò mọ bí a ti ń tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn yóò tẹ ìbéèrè ìdánwò jáde níbi tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti di oko kan náà. Ọmọ tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé èdè òun kò bá kọ̀ǹpútà mu, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ni kò kọ́ ọ. Bí yàrá bẹ́ẹ̀ bá wà ní Alájue, àwọn onílù Ẹdẹ lè wá síbẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ohùn ìlù wọn sílẹ̀, kí wọ́n kọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ayé. Nígbà náà ni ayélujára kò ní jẹ́ ọ̀nà oko ẹlòmíràn nìkan. Yóò di ọ̀nà tí àlejò ń gbà wá sí oko bàbá tiwọn.

Ní àkótán, owó kò ṣàì sí. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti 2003 dá owó àkànṣe USPF sílẹ̀ kí ìbánisọ̀rọ̀ lè dé ibi tí àwọn oníṣòwò kò ka sí èrè. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko máa kọ̀wé béèrè fún ìpín tiwọn, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ kan tó dé, kí ìlú ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá wà lápò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nìkan, eruku ni yóò jogún kọ̀ǹpútà. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn sì mọ wákàtí tí ilẹ̀kùn ń ṣí, ọmọ Alájue yóò dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò sì padà wálé wá ro ti bàbá rẹ̀.