Ẹ̀rí Ni Ìbò, Kì Í Ṣe Aṣọ Ẹgbẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí kò ní alábàáṣe, Ẹni tí Ó mọ ohun tí ó wà nínú àpótí ìbò, tí Ó sì mọ èyí tí ó wà nínú àyà ẹni tí ó dìbò. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí wọ́n dìbò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìbò 276,298 ni ó bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ APC, 262,383 sì bọ́ sí ọwọ́ PDP. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn jẹ́ 13,915 péré. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kí ó tó parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Nínú ọdún 2024 yìí kan náà, ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, ìpínlẹ̀ yìí tún dìbò, ti ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, APC ni ó gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 20, òun náà ni ó sì gba gbogbo ipò káńsẹ́lọ̀ 236. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní oṣù Keje ọdún 2021: 20 nínú 20, 236 nínú 236.

Olùdìbò kan ní Sàngó-Ọ̀tà, tí ó ń ṣe ṣíìfù alẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá, tí ó sì ń kírun Súbúhì kí ó tó wọ ọkọ̀ padà sílé, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: ṣé àwọn tí wọ́n ni ìbò 262,383 yẹn kú tán láàrin ogún oṣù ni? Wọn kò kú. Wọ́n ń gbé Ìjókò, wọ́n ń gbé Àtàn, wọ́n ń tajà ní Ojú-Ọrẹ. Níbo ni ìbò wọn wá gbà lọ?

Apá kan ìdáhùn kò farasin. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń yan àwọn ọmọ àjọ OGSIEC tí ń ṣètò ìdìbò ìbílẹ̀, òun ni ó sì ń náwó lé wọn lórí. Ẹni tí ó bá rò pé ìwà APC nìkan ni èyí, kí ó wo Ọ̀yọ́, níbi tí PDP ti gba gbogbo alága 33 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Kí ó wo Ọ̀ṣun, níbi tí PDP kan náà ti gba gbogbo 30 ní oṣù Kejì ọdún 2025. Ẹni tí ó bá sì rò pé PDP ni ó ni ẹ̀bi, kí ó wo Èkó ní oṣù Keje ọdún 2025: APC gba alága 57 nínú 57, ó sì gba káńsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. (Káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù yẹn, ó yẹ kí wọ́n lọ kí i kú oríire.) Ẹgbẹ́ tí ó bá wà nílé ìjọba ni ó ń jẹ. Ohun tí olùdìbò mọ̀ nìyẹn tí ó fi ń sùn ní ọjọ́ ìdìbò káńsù.

Ṣùgbọ́n apá kejì wà, òun ni ó dun ni jù. Nígbà tí olùdìbò fi ń ṣírò ẹgbẹ́ tí ó dìbò fún, àwọn tí ó dìbò fún ti kó ẹrù wọn. Àṣà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1952, àwọn aṣòfin kan fi NCNC sílẹ̀ bọ́ sínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ní Ògùn ti òde òní, Gbénga Dáníẹ́lì ṣe gómìnà lábẹ́ PDP láti 2003 títí di 2011. Lábẹ́ APC ni ó fi wọ ilé aṣòfin àgbà ní 2023. Ìbíkúnlé Amósùn jẹ́ sẹ́nétọ̀ PDP ní 2003, ó du ipò gómìnà lábẹ́ ANPP ní 2007, ó sì wọlé lábẹ́ ACN ní 2011. Ní 2019, òun fúnra rẹ̀ ń du ipò sẹ́nétọ̀ lábẹ́ APC, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ APM, Adékúnlé Akínládé, ni ó ń tì lẹ́yìn fún ipò gómìnà.

Kí àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Ògùn, Àwórì àti Yewa, dúró díẹ̀ níbí. Láti ọdún 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀, kò tíì sí gómìnà tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá, igbe wọn lórí èyí kò sì dákẹ́ rí. Ní 2019, ọmọ agbègbè náà méjì ni ó jáde: Akínládé lábẹ́ APM gba ìbò 222,153, Gbóyèga Nasir Ìsíákà lábẹ́ ADC gba 110,422. Dàpọ̀ Abíọ́dún ti APC wọlé pẹ̀lú 241,670. Òótọ́ ni pé kì í ṣe Ìwọ̀-oòrùn nìkan ni ó dìbò fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó mọ ìṣirò ro iye náà pọ̀. Nígbà tí ó fi di 2023, Akínládé ti di igbákejì olùdíje PDP, Ìsíákà sì ti di aṣòfin APC ní Àbújá. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tìtorí wọn bá ara wọn jà ní 2019, tí àwọn mìíràn kò dá ara wọn lóhùn sálámà mọ́ ní mọ́sáláṣí, wọ́n wà níbi tí wọ́n fi wọ́n sí.

Ìdájọ́ tí ó yẹ kí ó ṣe kedere ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú kì í ṣe ẹ̀sìn. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ kò ṣe kèfèrí, ẹni tí ó bá sì dúró sínú rẹ̀ kò gba àlùjánnà. Ohun tí ó fi òṣèlú sábẹ́ òfin Ọlọ́hun ni ìdí tí ènìyàn fi wọlé àti ìdí tí ó fi jáde. Nínú hadíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira, Ànábì (S.A.W.) ka ẹni mẹ́ta tí Ọlọ́hun kò ní bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ó bá olórí ṣe májẹ̀mú nítorí ayé nìkan, tí ó ń mú àdéhùn ṣẹ bí olórí bá fún un, tí ó sì ń yẹ̀ ẹ́ bí kò bá fún un. Olóṣèlú tí ó ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn nítorí tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó ka hadíìsì yìí. Olùdìbò tí ó gba ìrẹsì nínú oṣù Ramadan kí ó tó mọ ẹni tí ó fẹ́, kí òun náà kà á. Ààfáà tí ó ṣàdúà ìṣẹ́gun fún olùdíje mẹ́ta fún ipò kan ṣoṣo, nítorí pé ọ̀kan mú kápẹ́ẹ̀tì wá, èkejì mú ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀kẹta mú owó, ta ni ó ń bẹ Ọlọ́hun fún gan-an?

Àwọn onímọ̀ kan ní òde òní fi ìbò wé ẹ̀rí jíjẹ́: ẹni tí ó dìbò ń jẹ́rìí pé ẹni báyìí yẹ fún àmáánà. Súrátùl-Bákọrà, áyà 283, sì kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí pamọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ni ó yẹ kí olùdìbò dì mú, kì í ṣe àmì ẹgbẹ́. Àwọn ará ìpínlẹ̀ yìí sì ti ṣe é rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, wọ́n dìbò fún M.K.O. Abíọ́lá lábẹ́ SDP. Ìjọba ológun ni ó dá SDP sílẹ̀ ní 1989; ìjọba ológun náà ni ó tú u ká ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993. Babagana Kingibe tí ó jẹ́ igbákejì Abíọ́lá gba ipò mínísítà lọ́dọ̀ Abacha. Ẹgbẹ́ kò sí mọ́, igbákejì ti lọ, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n jẹ́rìí kò yí ẹ̀rí wọn padà, títí Abíọ́lá fi kú sí àtìmọ́lé ní oṣù Keje ọdún 1998. Ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ tó gbà fún wọn.

Bí ti Sàngó ti wá rí nìyí. Láti Ìyànà-Ìyẹ̀sí dé Agbárá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ti Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Kwara àti Èkìtì wá, kádì ìdìbò wọn sì wà nílé níbẹ̀. Wọn kò dìbò nílé nítorí ọ̀nà jìn, wọn kò lè dìbò ní Ọ̀tà nítorí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ni ofin ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ọjà, gáréèjì, ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, ilẹ̀ ìsìnkú àti ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun lé lọ́wọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn tí a dìbò yàn. Nítorí náà káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù kì í ṣe ọmọdé ìdí àwo mọ́. Sáà àwọn tí ó wọlé ní 2024 yóò parí ní 2027. INEC ń gba ẹni tí ó ti ṣípò láàyè láti gbé orúkọ rẹ̀ wá sí ibi tí ó ń gbé, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún un. Òṣìṣẹ́ tí ó ti ń gbé Sàngó fún ọdún mẹ́wàá, tí ó ń rìn nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìjókò lọ sí ibi iṣẹ́, tí kádì rẹ̀ ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà wà nínú àwọn tí kò jẹ́rìí.