Ọlá Tí Ó Yẹ Òṣìṣẹ́ Ìlú

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Yin ni, yin ni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn." Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì kò tún ní òmíràn í ṣe mọ́. Bí ìlú bá yìn ín, gbèsè àná ni ó ń san, kì í ṣe pé ó ń tọrọ oore ọ̀la. Nípa báyìí ni a fi ń mọ ìlú tí ó moore yàtọ̀ sí ìlú aláìmoore.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Èkó. Láàárín ọdún 1924 sí 1930, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri pa ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Nínú àwọn tí ó dojú kọ irú ewu bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọléwọlé wà, àwọn tí ń ti ojúlé dé ojúlé láti rí i pé àyíká mọ́. Àwọn ará ìlú a máa bú wọn, a sì máa sá fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí àwọn tí ń bú wọn náà ni wọ́n ń dáàbò bò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn tí ń ṣọ́ omi ẹ̀rọ, àti àwọn agbálẹ̀ títì tí ń jáde kí àkùkọ tó kọ. Bí iṣẹ́ wọn bá dára, ẹnikẹ́ni kì í kíyè sí i. Ọjọ́ tí omi kò bá yọ, tí ààtàn sì dí ọ̀nà, ni gbogbo ènìyàn tó rántí pé wọ́n wà.

Àwọn kan lè wí pé, "Ṣebí ó ń gba owó oṣù, kí ni a tún ń dúpẹ́ fún?" Owó oṣù lè san iṣẹ́ òòjọ́, ṣùgbọ́n kò lè san ìṣòótọ́ ẹni tí ó kọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́rìí kò sí. Òfin iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà ni pé kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì ní ẹni 60 ọdún, tàbí lẹ́yìn 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ó lo 35 ọdún fún ìlú ti fi ìgbà èwe rẹ̀ tọrẹ.

Ṣùgbọ́n irú ọlá wo ni ó yẹ ẹ? Ìlù dára, àsè dára, ìwé ẹ̀yẹ tí a gbé kọ́ ara ògiri sì dára. Àmọ́ bí a bá jó fún ènìyàn lónìí, tí ó sì di ọ̀la tí ó ń tò nínú oòrùn nítorí owó ìfẹ̀yìntì tí kò dé, ẹ̀sín ni a fi í ṣe. Owó yìí kì í ṣe àánú. Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì dá ìdá 10, nítorí ọjọ́ alẹ́. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ìlú sì ni ọmọ tí òṣìṣẹ́ yìí wò dàgbà.

Ó yẹ pẹ̀lú kí ọlá náà kan mẹ̀kúnnù. Bí a bá ń yin ọ̀gá nìkan, tí a sì ń gbàgbé agbálẹ̀, ipò ni a ń yìn, kì í ṣe iṣẹ́. Kí a sì máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó lọ, nítorí ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ni ó wà. Ẹni tí ó mọ ibi tí a ri páìpù omi sí kò gbọdọ̀ gbé ìmọ̀ náà lọ sílé láìfi han ọmọ ẹ̀yìn.

Kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé má ṣe dúró di ọjọ́ àsè. Bí ẹ bá pàdé agbálẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," kí ẹ má sì ju èèpo ọsàn sí ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.