Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Kòkòrò Lórúkọ

Bí ènìyàn bá dìde ní ìdájí, kí ìrì tó gbẹ lára koríko, tí ó sì yà sí oko ilá kan lẹ́bàá Olódò, ní etí Ìbàdàn, yóò rí i pé ewé ilá ti lu jára bí ajere, àti pé àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Bí ó bá sì nawọ́ sí wọn, wọ́n á ta pọ́ún kúrò lórí ewé kí ìka rẹ̀ tó débẹ̀. Kòkòrò ajẹwé ni gbogbo wọn lẹ́nu àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn onímọ̀, méjì ni wọ́n: èyí tí ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, Podagrica uniforma, àti èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró, Podagrica sjostedti, tí ó ń jẹ́ orúkọ Sjöstedt, ará Swídìn kan tí ó rìn dé Kamẹrúùnù. Martin Jacoby ni ó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí ó ń ta gòjé òyìnbó jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò bá a wíjọ́, nítorí ẹni tí etí rẹ̀ lè ya ohùn kan kúrò lára èkejì, ojú rẹ̀ náà lè ya kòkòrò sọ́tọ̀.

Ibi tí ẹjọ́ mi wà ni ìwé péńpé tí ó máa ń wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ tí a fi gún kòkòrò mọ́ àpótí. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, àwọn míṣọ́nnárì ń fi kòkòrò ránṣẹ́ láti Kàlàbá sí Andrew Murray, onímọ̀ kòkòrò ní Edinburgh, ó sì kọ ibi tí wọ́n ti wá síwájú ayé. Àwọn mìíràn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀: “Guinea” nìkan ni a kọ sí wọn lára, orúkọ tí awakọ̀ òkun fi ń pe etíkun tí ó gùn ju ìrìn oṣù mélòó kan lọ.

Bí ibi tí kòkòrò ti wá ṣe lè sọnù, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ lè ṣì: ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí kòkòrò imọ̀ ọ̀pẹ, èyí tí ìdin rẹ̀ ń gbé láàrin awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé, tí ó ń jẹ ẹran àárín títí igi yóò fi dà bí èyí tí iná ra. Ní 1920, Maulik ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ̀kan ní Coelaenomenodera elaeidis, orúkọ yìí ni a sì fi ń pe apanirun náà. Àwọn kan tún wá ní minuta ni. Ní 1999 ni Berti àti Mariau fi hàn pé kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn: ọmọ tí a kò tíì kómọ rẹ̀ jáde ni. Wọ́n pè é ní lameensis, láti ara La Mé, oko ìwádìí ọ̀pẹ ní Côte d’Ivoire. Gbogbo ọdún tí ó fi ń pa ọ̀pẹ, orúkọ olórúkọ ni ó ń jẹ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wá ọ̀tá tí yóò bá a jà nínú ìwé àtijọ́, àfi kí ó tún un kà pẹ̀lú ìfura.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn olùkọ́ wa, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń lọ kọ́ṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, pé kí wọ́n má ṣe ní ká tún iṣẹ́ ìsọlórúkọ yìí ṣe lẹ́yìn wọn. Mo ti rí àpótí kan rí ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ: kòkòrò ibẹ̀ ń dán gbinrin, abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n “Oko” ni a kọ sí ìwé rẹ̀. Oko ta ni? Bí a bá kọ “Olódò, lórí ilá, kí oòrùn tó yọ,” tí a fi ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ó mú un sí i, ìwé péńpé náà ṣì gba gbogbo rẹ̀.