Buhari ti ẹnubodè mọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì

Ìbọn ni ọ̀gágun Muhammadu Buhari fi gbàjọba Nàìjíríà ní 31 oṣù Kejìlá 1983. Lọ́dún 1984 ó ti ẹnubodè pa. Ní 1985 àwọn ológun bíi tirẹ̀ lé e lọ. Ìbò ló gbé e padà ní 2015, ó ti bọ́ aṣọ sójà, ó ń wọ agbádá. Àmọ́ ní oṣù Kẹjọ 2019 ó tún ti ẹnubodè, ó ní nítorí ìrẹsì fàyàwọ́ ni. Aṣọ yí, ìwà ò yí!

Ìrẹsì yẹn, ṣebí èbúté Kútọnu ló ń gbà wọlé? Àgbàdo oko wa làwa ń gbé gba Ìlárá, ìlú tí ààlà là sí méjì. Sẹ̀mẹ̀ ṣí ní oṣù Kejìlá 2020. Ìdírókò di 2022.